Olóògbé Ẹnjiníà Wenceslao Dimaculangan (1946–2019), Ẹni Tó Dán Àga Wò Kí Ará Ìlú Tó Jókòó

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1946, ní àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní ìlú Taal, ní agbègbè Batangas, ni a bí Olóògbé Ẹnjiníà Wenceslao Dimaculangan, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè ní Islaw, tí àwa ọmọ wọn sì ń pè ní Tatay, ìyẹn bàbá. Bàbá wọn ni Gaudencio Dimaculangan, alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọ̀bẹ tó ṣeé ká pọ̀. Ìyá wọn ni Rosenda, tó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà sára aṣọ. Ọjọ́ Wenceslao Mímọ́ ni ìbí wọn bọ́ sí, nítorí náà kò sí ẹni tó tún ń dààmú wá orúkọ kiri. Dimaculangan tí ìdílé wọn ń jẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ẹni tí a kò lè dín kù". Orúkọ náà ro wọ́n gan-an, nítorí Tatay tínrín débi pé ẹni tó bá fẹ́ dín wọn kù kò ní mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdílé fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn mọ̀ pé a ti dán ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ló bà wá, kí Tatay má baà dìde jókòó nínú pósí. A fún àwọn mẹ́ta tí kò mọ̀ wọ́n rí láti kà. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nu ojú, ẹnì kẹta bi wá bóyá orí ọkùnrin yìí pé. A ti tún ibi tó da ẹnì kẹta láàmú kọ.

Gaudencio, bàbá bàbá wa, kì í ta ọ̀bẹ tí wọn kò bá tíì fi fá irun apá ara wọn. Títí wọ́n fi kú, apá òsì wọn dán bí apá ọmọ ọwọ́. Tatay máa ń sọ fún wa pé apá yẹn ni ilé ìwé àkọ́kọ́ tí àwọn lọ. Ilé ìwé kejì ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Taal, tí wọ́n jáde ní ọdún 1959. Wọ́n parí ti girama ní ọdún 1963, wọ́n sì gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Manila ní ọdún 1968, pẹ̀lú owó tí ìyá wọn rí lórí abẹ́rẹ́ àti ojú tó fọ́ díẹ̀ nídìí rẹ̀. Tatay kò fi ọ̀rọ̀ ojú náà ṣeré rí.

Ní ọdún 1970, Tatay wọ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Manila tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ìwé ìlànà fún ohun èlò: bí wáyà iná ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, irú irin tí a fi ń kọ́lé, bí ìdérí kòkò gáàsì ṣe gbọ́dọ̀ dé. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn ọ̀mọ̀wé á jókòó yí tábìlì ká, wọn á jiyàn, wọn á jẹ búrẹ́dì, wọn á dìbò, wọn á sì tẹ ìwé jáde. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ẹ̀sùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pé ìlànà náà kò ṣeé tẹ̀ lé. Tatay ní kí wọ́n yí i padà. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ fún àwọn tí kò sí nídìí tábìlì náà ní ìwé, kí wọ́n lò ó níbi tí a kò ti ní lè ṣàlàyé fún wọn. Bí ilé àyẹ̀wò mẹ́ta bá ka ìwé kan náà, tí wọ́n dán ohun kan náà wò, tí èsì wọn kò bára mu, ohun náà kọ́ ló kùnà. Ìwé náà ló kùnà. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní Tómásì ní ọ́fíìsì, wọn kò sì bínú sí i.

Nílé wa náà, bákan náà ni. Nígbà tí Tatay kọ òfin bí a ó ṣe máa fọ abọ́, àwọn ọmọ aládùúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ fún láti fi fọ abọ́ wa. Ìyá àwọn ọmọ náà wá bá wa jà. Tatay dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n sì pa "omi díẹ̀" rẹ́ nínú òfin náà, nítorí wọ́n ti rí i pé omi díẹ̀ ti ọmọ kan lè kún inú ilé.

Ní ọdún 1974, Tatay fẹ́ Iluminada Atienza, ìyá wa, tí gbogbo yín mọ̀ sí Luming. Ọ̀nà ìgbéyàwó náà kò tẹ́jú. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí Tatay wá tọrọ ìyàwó gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, Tatay ní kí wọ́n dúró nísàlẹ̀ ná. Tatay fúnra wọn kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn oparun ilé àna wọn, wọ́n sì ń fò lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí àwọn òbí tó tẹ ẹsẹ̀ lé e. Ìyá ìyá wa, Salvacion Atienza, tí gbogbo Taal ń pè ní Inay, ìyẹn ìyá, ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

Inay ní, "Ọmọ alágbẹ̀dẹ, ṣé àtẹ̀gùn mi lo wá fẹ́ ni, àbí ọmọ mi?"

Tatay dáhùn pé, "Ọmọ yín ni, Inay. Ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn ni mo máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ pátápátá ni pé ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn dá lóòótọ́. Inay kò dárí jì wọ́n pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Tatay tún àtẹ̀gùn náà ṣe kí wọ́n tó fún wọn ní omi mu, Inay sì sọ fún ìyá wa pé agbẹjọ́rò kan wà ní ìlú Lemery tó máa ń gun àtẹ̀gùn bí ọmọlúwàbí.

Ní ọdún 1988, ọ̀rọ̀ àga oníke délẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nígbà yẹn àga yìí ti gba gbogbo ilẹ̀ wa. Òkú kú, òun ni. Ìrìbọmi, òun ni. Ìpàdé ìjọ, òun ni. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì ń gbé ènìyàn ṣubú láìmọ ọmọdé mọ àgbà. Ìjọba ní kí ọ́fíìsì Tatay kọ ìlànà fún un. Ìgbìmọ̀ jókòó lórí àga igi, wọ́n sì kọ ọ́ pé kí a gbé ẹrù tó tó lé àga náà fún àkókò tó yẹ. Ọ̀gá àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Hermenegildo Pantoja, fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní kíákíá. Tatay kò fọwọ́ sí i.

Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò mẹ́ta, pẹ̀lú àga tí ẹ̀rọ kan náà ṣe lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ti Manila gbé àpò iyanrìn lé e jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn, wọ́n ní ó yege. Àwọn ti Cebu ju àpò náà lù ú láti òkè, wọ́n sì dá àfọ́kù rẹ̀ padà sí ọ́fíìsì nínú àpò náà. Àwọn ti Davao kò rí iyanrìn nítòsí, ni wọ́n bá ní kí akọ̀wé wọn tó tóbi jù jókòó lé e jẹun ọ̀sán. Èsì tiwọn ni pé àga náà kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ ó ń gún akọ̀wé lẹ́yìn. Tatay kó èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ìgbìmọ̀, inú Tatay sì dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Wọ́n tún ìwé náà kọ: bí ẹrù ṣe wúwo tó, bí a ó ṣe gbé e, bí yóò ṣe pẹ́ tó lórí àga. Nígbà tó fi di ọdún 1989, ilé àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ ohun kan náà. Gbogbo ènìyàn ní ó parí.

Tatay ní ó ku ẹyọ kan. Àwọn tó ń dán àga wò mọ̀ pé àwọn ń dán an wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò ní í lọ́kàn jókòó lé e.

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ọdún náà, àwọn ìyá àdúgbò pé sílé Inay láti kọ orin Ìjìyà Olúwa, tí wọ́n máa ń kọ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n á máa gbà á lẹ́nu ara wọn. Tatay gbé àga tuntun wá fún wọn, gbogbo wọn sì yìn ín. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ilé Inay kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Sìmẹ́ǹtì pupa ni, tí wọ́n ń fi ìda kùn, tí wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ kan tẹ ààbọ̀ èèpo àgbọn, wọ́n á máa yí ìdí, wọ́n á máa gbo ó títí ẹni tó bá wo ilẹ̀ á fi rí eyín ara rẹ̀. Ilé wo ní Taal ni wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn? Ilé àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilẹ̀ wọn rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́.

Ó wá kan Inay láti gba orin. Wọn kò rí ìwé dáadáa, wọ́n sì fẹ́ sún mọ́ ọn. Àwọn ìyá wa kì í dìde sún àga. Wọ́n á di apá rẹ̀ mú, wọ́n á ta ìdí síwájú, àga á sì tẹ̀ lé wọn. Inay ta ìdí. Ẹsẹ̀ àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í ya lórí ìda náà, ọ̀kan sí ìlà oòrùn, ọ̀kan sí ìwọ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹsẹ̀ ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Inay sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iyì. Orin kò já lẹ́nu wọn títí wọ́n fi dé ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ìdílé ì bá fò bí a bá lè fò ó. Tatay sáré wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn rò pé wọ́n fẹ́ gbé ìyá àna wọn dìde. Tatay dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n fa tépù jáde nínú àpò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bí ẹsẹ̀ àga ṣe yà síra tó.

Wọ́n ní, "Inay, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde."

Kò sí ẹni tó kọrin mọ́. Inay wo Tatay látòkè délẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà nílẹ̀, wọ́n sì pe ìyá wa.

"Luming, kó ẹrù rẹ àti ti àwọn ọmọ wá sílé mi. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹsẹ̀ àga ju ẹsẹ̀ ìyá lọ, kó lọ bá àga gbé."

Ìyá wa kẹ́rù. Kì í ṣe torí pé Inay ṣubú, bí kò ṣe pé Tatay kò rántí pé Inay ló ṣubú. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí Tatay tọrọ àforíjì, kó tán. Tatay ní bí àwọn bá tọrọ àforíjì pé àwọn wọn àga, ṣé kò túmọ̀ sí pé kò yẹ kí àwọn wọ̀n ọ́n ni? Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Inay fèsì láti inú ilé pé òun kò rí ẹkún, ìríran nìkan lòun rí. Agídí Tatay àti ti Inay wá kojú ara wọn bí àgbò méjì lórí afárá, àwa ọmọ sì wà láàárín.

Ọjọ́ Ẹtì ni Tatay máa ń ti Manila dé. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á ra tawilis, ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún wa tí Inay fẹ́ràn, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé Inay, wọ́n á kanlẹ̀kùn, wọ́n á sì dúró. Ọwọ́ kan á jáde, á mú ẹja, ilẹ̀kùn á padé. Tatay á wá lọ dá jẹun nílé wọn. Wọ́n rù sí i, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àyè ṣì wà fún un.

Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá Pantoja ka ìròyìn ìṣubú náà, ó sì ní òun ti rí ohun tó fà á. Ó ní àga kò lẹ́bi, ìyá náà ló sanra jù. Ó ní ta ló tún ń fi èèpo àgbọn nulẹ̀ láyé òde òní? Òun ń lo kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní ìwé náà yóò jáde kí Kérésìmesì tó dé, bí Tatay kò bá sì fọwọ́ sí i, erékùṣù jíjìn kan wà tí wọ́n ti nílò ẹni tí yóò máa yẹ òṣùwọ̀n ẹja wò títí di ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, Tatay kò kàn gbé ẹja kalẹ̀. Wọ́n gbẹ́nu sí ara ilẹ̀kùn tó wà ní títì, wọ́n sì sọ fún ìyá wa pé ó ṣeé ṣe kí àwọn má lè máa wá mọ́, àti ìdí rẹ̀. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tí ọ̀gá sọ nípa Inay, nítorí Tatay kò mọ bí a ṣe ń yọ nǹkan kúrò nínú ìròyìn.

Ilẹ̀kùn ṣí gbagada.

Inay ní, "Ta ló ní mo sanra?"

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ni àjọ̀dún Martin Mímọ́ ní Taal. Lọ́jọ́ náà kò sí ilé tí kì í ṣílẹ̀kùn fún àlejò, àlejò kan kò sì gbọ́dọ̀ kọ oúnjẹ ẹni tó pè é. Inay ní kí Tatay pe ọ̀gá wọn àti gbogbo ìgbìmọ̀. Inay fúnra wọn ló gbo ilẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni a ń gbọ́ ìró èèpo àgbọn, ṣàkà, ṣàkà, tí ìdí wọn sì ń yí pẹ̀lú ìbínú.

Ọ̀gá Pantoja dé pẹ̀lú aya rẹ̀ àti ikùn tó ṣáájú òun wọlé. Gbogbo àlejò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ní ìkángun tábìlì, níbi iyì, àga oníke kan dá wà, ọ̀kan lára àwọn tó yege ní ilé àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀gá wo àga náà. Ó wo ilẹ̀, ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun á kàn dúró díẹ̀, ọkọ̀ ti ká òun lẹ́sẹ̀ kò.

Inay bù ọbẹ̀ ẹran màlúù fún un. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Wọ́n gé awọ ẹlẹ́dẹ̀ sísun fún un. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Wọ́n gbé ìrẹsì aládùn tí wọ́n fi ewé wé wá, ó ń fi ọwọ́ kan tú ewé, ó fi èkejì di abọ́ mú, òógùn bò ó.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá," ni Inay wí. "Àga kò lẹ́bi. Ẹ̀yin náà ò sì sanra."

Aya rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilé rọlẹ̀, ọ̀gá gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì yíjú sí Tatay. Ó ní, "Ẹnjiníà, má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Fi ilẹ̀ dídán sí i, kí o wá jẹ́ kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì." Inay sún fún un fúnra wọn. Ìdílé kò bu ọ̀gá náà kù o. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ì bá jókòó nítorí ìtìjú, kó ṣubú, kó sì tún tẹ ìwé náà jáde.

Ìyá wa àti àwa ọmọ bá Tatay lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Ilé àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ra ìda àti èèpo àgbọn, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ dán wò, ìwé ìlànà náà sì jáde ní ọdún 1990. Àwọn ilé iṣẹ́ fi rọ́bà sẹ́sẹ̀ àga, wọ́n mú ìdí rẹ̀ nípọn. Nígbà mìíràn tí a bá wà nínú èrò ńlá, tí àwọn ìyá sanra-sanra ń ta ìdí síwájú láìbẹ̀rù, Tatay á kàn máa wò wọ́n, ojú wọn á sì kún.

Ṣùgbọ́n ohun kan kò parí. Inay kò sọ ọ́ rí pé àwọn ti dárí jì wọ́n. Tatay kò dá ẹja ọjọ́ Ẹtì dúró. Wọ́n gbé e lọ títí Inay fi papò dà ní ọdún 2001, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ìyá wa sọ fún wa pé lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé ìsìnkú náà, Tatay ṣì ra ẹja, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà Inay, wọn kò sì mọ ohun tí àwọn yóò fi ṣe.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Tatay. Wọ́n sìn nínú ìgbìmọ̀ ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ló sì ń kó àpò ìrẹsì sórí pẹpẹ tí a fi ń gbé ère Martin Mímọ́ kiri, kí a tó gbé ère gan-an lé e. Fadá kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni mímọ́ kì í ṣubú. Tatay ní ẹni mímọ́ kọ́ lẹ̀rù ń ba àwọn fún, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2006, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngán àdúgbò, títí àwọn ọ̀dọ́ náà fi mọ bí a ṣe ń jiyàn dáadáa.

Ní ọjọ́ àwọn òkú, oṣù kọkànlá ọdún 2018, gbogbo wa wà ní ibojì Inay pẹ̀lú oúnjẹ, òdòdó àti àbẹ́là, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ara Tatay kò le mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ kan òkúta ibojì náà.

Wọ́n ní, "Inay, ó yẹ kí n kọ́kọ́ gbé yín dìde."

Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sunkún. Wọ́n ní, "Islaw, Inay ti dárí jì ẹ́ kí ọdún yẹn tó parí. Wọ́n ní ká ní o gbìyànjú láti gbé àwọn ni, ẹ̀yin méjèèjì ni wọn ì bá wá kó nílẹ̀."

Tatay bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn láti ọjọ́ yìí.

Ìyá wa ní, "Inay ni wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n ní tí o bá gbọ́, o ò ní mú ẹja wá mọ́."

A kò gbọ́ ẹ̀rín irú èyí lẹ́nu Tatay rí láti ọjọ́ tí a ti dáyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi di apá wọn mú. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n ní àwọn ì bá ti máa mú un wá náà. Gbogbo wa mọ̀ pé òótọ́ ni.

Tatay sùn, wọn kò jí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2019, lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rin. Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn wọn ni aya wọn, Iluminada. Àwọn ọmọ wọn, Gaudencio, Perpetua àti Crispin. Àwọn ìyàwó ọmọ àti ọkọ ọmọ tí wọ́n gun àtẹ̀gùn wa láìfò. Àwọn ọmọ-ọmọ, tí Salvacion kékeré, ọmọ Perpetua, jẹ́ àgbà wọn. Àti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè fọwọ́ sí ìwé mọ́ láìbéèrè ta ló ti lò ó.

Ẹ sùn re o, Tatay. Ìyá àna yín ti ń retí yín lọ́hùn-ún, inú wọn sì dùn sí yín tipẹ́. Ẹ kí wọn fún wa.